Èyí Tí Ò Tíì Pàdé Ẹnikẹ́ni

Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.
Igbó páìnì dúró. Adágún dúró.
Oòrùn oṣù kẹfà, tí kì í fẹ́ wọ̀ ní àríwá Fínlándì,
gbórí lé èjìká igi bí ọmọ tí oorun ń kùn.
Kerttu Vainikka ń gun ilé ìṣọ́ onírin,
ọ̀pá àkàsọ̀ ọgọ́sàn-án ó lé méjì,
kọfí nínú fúláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí.

Ó fa òórùn páìnì símú.
Oiva bàbá rẹ̀, tó fi ìgbà èwe rẹ̀ sun ọ̀dà nínú kòtò,
a máa wí pé: igbó ń mí, ẹ má pariwo.
Kò lọ sí ilé-ìwé gíga. Kò sì ṣìnà.

Ewé kan, tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mólékù kan sílẹ̀:
kábọ̀n mẹ́wàá, háídrójìn mẹ́rìndínlógún,
òrùka kékeré tó há sára òrùka ńlá,
ó le gbagidi bí ọrun tí wọ́n fà tí wọn ò tíì ta.
Níbì kan lára rẹ̀, kábọ̀n méjì di ara wọn mú lẹ́ẹ̀mejì.
Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà.

Náítrójìn gbá a. Ọ́síjìn gbá a.
Ìgbà bílíọ̀nù mélòó kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo,
wọ́n ń forí gbárí, wọ́n ń yà,
kò sí “pẹ̀lẹ́”, kò sí “ẹ kú ìrìn”.
Kì í ṣe gbogbo ìforígbárí ní ń jẹ́ ìpàdé.

Títí ósóònù fi dé,
ọ́síjìn mẹ́ta níbi tí méjì ti máa ń tó.
Bó bá gba ẹ̀yìn wọlé, asán ni.
Bó bá rọra jù, asán náà ni:
òkè kan wà láàárín wọn tí ojú kò rí,
ẹni tí agbára rẹ̀ ò tó á gùn ún dé ìdajì, á sì yí padà.
Àmọ́ èyí gùn ún dé orí.
Lórí ibẹ̀ gan-an, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?
ìdè àtijọ́ ti ń tú, tuntun ò tíì so,
kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.
Ẹsẹ̀ Kerttu ti kúrò lórí ọ̀pá kan,
kò tíì tẹ èkejì.

Òrùka já.

Ohun tó ṣẹ́kù ń gbọ̀n, ooru òkè tó sọ̀ kalẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.
Ọ̀nà kan ò wọjà.
Òmíràn, náítrójìn tí à ń pè ní ọ̀lẹ ló gbá a,
ó gbé díẹ̀ nínú ooru náà lọ, ara rẹ̀ balẹ̀.
Òmíràn ya sí méjì, ó ta ọ́síjìn kan òun háídrójìn kan dànù,
jàǹdùkú kékeré tí kì í pé ìṣẹ́jú àáyá kan láyé
kó tó já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.
Àjẹkù rẹ̀ ní àyè kan tó ṣí sílẹ̀ bí ọwọ́ tí ò rẹ́ni dì mú.
Ọ́síjìn gbá ibẹ̀ mú.
Ó tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ, ó já háídrójìn láti ẹ̀yìn ara rẹ̀,
àyè mìíràn ṣí, ọ́síjìn mìíràn gùn ún,
ó tún tẹ̀, ó tún já,
ó wúwo dé ibi tí afẹ́fẹ́ ò lè dá gbé e mọ́.
Ó lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́.

Nínú ahéré ìsàlẹ̀, Sampsa, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, pariwo sókè:
“Ìlà náà ti ń gòkè! Ṣé a ti rí i báyìí?”
“Ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde la rí,” ló fọhùn.
“Ìwọ̀n wọn nìkan.”

Lórí adágún, kùrukùru aláwọ̀ aró tín-ín-rín ti ń pé jọ.
Bóyá á di ìkùukùu. Bóyá òjò á kan òrùlé Oiva lọ́jọ́bọ̀.
Kò lè búra.
Ó gbé apá sókè, ó gbóòórùn ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀:
páìnì, síbẹ̀.
Èyí tí imú ń gbọ́
ni èyí tí ò tíì pàdé ẹnikẹ́ni.